Ta Ní Ń Tìtorí Aṣọ Kan Po Aró?

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ nǹkan nípa Abẹ́òkúta síta ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń jókòó, tí mo máa ń wá ohun tí n ó kọ. Mo kọ nípa Òkè Olúmọ. Mo kọ nípa Ṣódẹkẹ́, tó kó àwọn Ẹ̀gbá wá síbí ní 1830. Mo kọ nípa láfún àti ewédú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, n kò rí nǹkan kan kọ mọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, ó sì dùn mí gan-an, torí àwọn kan ti ń dúró de ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta kò tán o. Èmi ni mo ń ná an ní ìná àpà: gbogbo Olúmọ, látòkè délẹ̀, ni mo kó sínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ni ojú mi ti là. Mo lọ bá màmá kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí n lè kọ nípa iṣẹ́ wọn. Wọ́n jókòó lórí àpótí, aṣọ funfun wà lórí tábìlì níwájú wọn, abọ́ ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún sè wà lápá ọ̀tún. Wọ́n á ti ẹnu ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, wọ́n á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá fà á lórí aṣọ láìgbé ọwọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Aṣọ márùn-ún ti wà lórí okùn, ẹ̀kọ ti gbẹ lára wọn. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ rẹ èyí tó ti gbẹ ni?” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ní ń tìtorí aṣọ kan po aró?”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Àkọsílẹ̀ kan ni mo bá lọ sí Ìtòkú, àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé pélébé mi, mẹ́rin ló wà níbẹ̀: bí ẹ̀kọ ṣe ń dí aró lọ́nà, orúkọ tí wọ́n ń pe ọnà ara aṣọ, àwọn ọkùnrin tó ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ọnà, àti àbẹ́là tí àwọn oníkàǹpálà ń lò dípò ẹ̀kọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin nìyẹn, nínú ìrìn ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, n kì í jáde lọ bá ẹnikẹ́ni láìkọ ìbéèrè mẹ́rin ó kéré tán sílẹ̀. Mo sì máa ń ní àkọsílẹ̀ méjì tó ti parí nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tí ara kò bá yá.

Ohun kejì tí mo kọ́, inú ìtàn ìlú wa ni mo ti rí i. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Kí ni wọ́n ń rí kọ sí i? Ẹni tó dé, ẹni tó lọ, ẹni tó ṣèrìbọmi, ẹni tó kú. Ohun tí kì í yé ṣẹlẹ̀ ni. Èmi náà wá fi ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ lóṣù sílẹ̀ fún iye tí wọ́n ń ta gààrí, ata àti ẹ̀wà ní ọjà Kútọ̀. Òun ló rọrùn jù láti kọ, òun náà sì ni àwọn èèyàn ń béèrè jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ti ọdún Lísàbí, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé ni. Tí ariwo bá ti sọ, kò sáyè ìrònú mọ́.

Lọ́la, mò ń padà lọ sí Ìtòkú. Màmá ní àwọn fẹ́ po aró. Ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú ìwé mi. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ìdí tí wọ́n fi ń fi ahọ́n tọ́ aró wò kí wọ́n tó ri aṣọ sínú rẹ̀.