Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀rá Tuntun Sórí Greenhouse Àtijọ́

Ọdún mẹ́rin ni greenhouse ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọlọ́rá tí wọ́n ń gbin nǹkan sí, fi dá wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rá orí rẹ̀ ti ya yánnayànna, oòrùn ti gbẹ ẹ́ débi pé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ńṣe ló ń rún bí ewé gbígbẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lò ó, inú mi dùn, mo sì sáré lọ ra ọ̀rá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Páìpù irin rẹ̀ kò fún mi ní wàhálà. Mo ha ìpẹtà, mo kùn ún, wẹ́dà pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀rá ló gba owó: èyí tó nípọn tó 200 micron (ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà kan), tí wọ́n ti po oògùn tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn mọ́ ọn.

Mo gbin tòmátì 300. Wọ́n yọ òdòdó, mo tilẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní Tákìé pé kí wọ́n máa retí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mẹ́ta rọ, bẹ́ẹ̀ ewé wọn kò pọ́n rárá. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bomi rin wọ́n. Láàárọ̀ wọ́n gbérí, nígbà tí oòrùn mú, wọ́n tún dorí kodò. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lé ní ìdajì tó ti kú.

Àbúrò kan ládùúgbò tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní LAUTECH ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi mímọ́ sínú ife gíláàsì." Ó gé igi tòmátì kan nítòsí ìdí, ó ki ojú ibi tó gé bọ omi, ó dì í mú jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti inú igi náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, bí omi ògì. Bakitéríà ni, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí; orúkọ rẹ̀ ni Ralstonia solanacearum. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ibi gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, ó sì ń dí ọ̀nà tí omi ń bá gòkè nínú igi. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn tí a ń fọ́n sórí ewé kò ràn án.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Họ́wù! Irú rẹ̀ náà ló lé àwa kúrò níbẹ̀." Mi ò bi wọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ẹni tó ni ilé náà ohun tó mú un fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó náwó ọ̀rá, ẹ gbin tòmátì bíi 10 káàkiri ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ títí yóò fi so. Èyí tó bá rọ, ẹ gé e, kí ẹ fi omi inú ife dán an wò. Ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀ wò pẹ̀lú; bó bá ta kókó-kókó, aràn tíńtín inú ilẹ̀ (nematode) ló wà níbẹ̀.

Inú àpò dúdú ni mo ń gbin tòmátì sí báyìí, pẹ̀lú ìyẹ̀ èèpo àgbọn àti ilẹ̀ tí mo ti fi iná sè nínú dúrọ́ọ̀mù. Mo tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ àpò kí gbòǹgbò má baà kan ilẹ̀. Mo ní bàtà tí kì í jáde níbẹ̀, kí n má baà fi í kó àìsàn náà kiri. Ata àti ìgbá kò lè rọ́pò tòmátì nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àìsàn kan náà ló ń pa wọ́n. Kùkúńbà ni mo gbìn sílẹ̀, kò sì rọ.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ibi tí òtútù ti ń pa ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ti nílò ilé tó ń dá ooru dúró. Tiwa, òjò àti kòkòrò ni à ń sá fún. Nígbà tí mo fi ọ̀rá bò ó pátápátá, ooru inú rẹ̀ lé ní 44°C lọ́sàn-án, òdòdó sì ń já dànù. Mo yọ ọ̀rá ẹ̀gbẹ́, mo fi nẹ́ẹ̀tì olójú wẹ́wẹ́ dí i, mo ṣí òrùlé díẹ̀ kí ooru máa rí ibi jáde. Nítorí pé atẹ́gùn kò fẹ́ púpọ̀ níbẹ̀, mo máa ń gbọn okùn tí mo fi so tòmátì rọ̀ láràárọ̀, kí òdòdó lè di èso.

Ife gíláàsì yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ewé kan bá rọ lọ́sàn-án, òun ni mo kọ́kọ́ ń mú.