Aparò Orí Ebè

Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni èmi àti ọmọ-ọmọ mi jáde lónìí. Òjò òru ti rin ilẹ̀, koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko sì kún fún omi débi pé ṣòkòtò mi tutù dé orúnkún kí a tó rìn jìnnà. Ìkùukùu so mọ́ Òkè Ìyámọ̀pó lọ́rùn bí ìborùn. Mi ò gbé ìbọn. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti gbé e kọ́. Wíwò ni mo kàn ń lọ wò báyìí, gbogbo Ìgbẹ́tì ló sì mọ̀ mí sí bàbá tó ń lọ sóko láìmú àdá dání.

Nígbà tí a dé oko iṣu aládùúgbò wa, ọmọ náà fà mí lápá, ó nawọ́. Aparò kan wà lórí ebè, kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí wa lọ. Àwọn àgbà ní aparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Eléyìí gùn ún, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀. Ó na ọrùn, ó la ẹnu, ọ̀fun rẹ̀ ń wú, ó ń rọ̀, ìyẹ́ àyà rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúró kó ké.

"Bàbá àgbà, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń pariwo ni?"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdẹ ni bàbá mi. Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn, etí ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Á ní kí n jókòó sídìí igi, kí n dijú, kí n máa ka ohun tó bá ń kọjá fún òun. Ó ní bí ìrẹ̀ bá ń ké lóru, kí n fọkàn balẹ̀. Bí ìrẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, kí n dìde, ohun tó ní ẹsẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn.

Ẹ̀kọ́ yìí ni mo gbé lọ sógun Biafra. Ọmọ ogún ọdún ni mí ní 1968, mo wà nínú Third Marine Commando, àwọn ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa ogun náà kò ju ẹyọ kan lọ, mi ò dá wọn lóhùn rí, mi ò sì ní í dáhùn níbí. Èyí tí mo lè sọ ni pé lóru ọjọ́ kan, nínú igbó kan tí ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrẹ̀ dákẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ ta ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilẹ̀ mọ́ bá àwa méjèèjì. Oṣù Kìíní 1970 ni ogun parí.

Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1976 mo dé ilé iṣẹ́ bébà ní Jẹ́bà, létí Odò Ọya, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1969. Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpò sìmẹ́ǹtì àti páálí. Igi la máa ń gé wẹ́wẹ́, tí a ó fi kọ́síkì sódà àti àwọn kẹ́míkà mìíràn sè nínú ìkòkò irin tó ga ju ilé lọ, ooru inú rẹ̀ a tó 170 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó ń bá wa délé, ó ń bá wa sùn. Lọ́dún kìíní ìgbéyàwó wa, ẹnu ọ̀nà ni aṣọ iṣẹ́ mi máa ń gbé.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ bébà. Ohun tí à ń dà sórí asẹ́, omi ló ju 99 lọ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Fọ́nrán igi tó wà nínú rẹ̀ kò pé ọ̀kan. Omi a jò, a ó fún èyí tó kù, a ó wá máa fà á kọjá lára àwọn àgbá irin ràbàtà tí oru omi gbígbóná kún inú wọn, títí omi inú rẹ̀ yóò fi ku bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo èyí, láti asẹ́ dé ibi tó ti ń ká jọ, kì í gbà tó ìṣẹ́jú méjì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tó ti ń ká jọ. Bí wọ́n bá ti ká a tán, tó tóbi ju màlúù lọ, mo máa ń mú kóńdó igi kan, mo máa gbá a láti etí kan dé èkejì, gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, bí onílù tó ń dán awọ wò. Bí ohùn bá dọ́gba, ó dára. Bí ó bá dún wúyẹ́ níbì kan, mo mọ̀ pé bébà fẹ́lẹ́ níbẹ̀ tàbí kó má ká dáadáa, ẹni tó máa fi rán àpò á sì bú wa. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wà, ṣùgbọ́n kóńdó mi máa ń ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́. Ti bẹ́árìn, irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, súkúdíráfà ni mo ń lò: ẹnu rẹ̀ lára irin, èèkù rẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn etí mi. Bẹ́árìn tára rẹ̀ le a máa kùn bí oyin, èyí tó fẹ́ kú a máa payín keke.

Wọ́n fún wa ní ohun tí à ń fi bo etí. Mi ò ní í purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n fún wa. Ọrùn ni mo ń fi í kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dí etí tó ń bá mi ṣiṣẹ́? Ariwo ibẹ̀ ju 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ; fún wákàtí mẹ́jọ, 85 ni àwọn onímọ̀ ní kí ènìyàn má kọjá. Mo mọ nọ́ńbà méjèèjì. Ẹnjiníà ni mí.

Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1994, ohùn tínrín ti ń lọ. Ìrẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà agogo fóònù, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé. Mo ṣì ń gbọ́ tírélà láti òpópónà. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó máa ń pariwo mọ́ mi, bí ẹni pé mo wà lódì kejì odò. Ẹ rọra sọ ọ́, kí ẹ kọjú sí mi, ó tán.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fipá mú mi lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí mi létí. Arábìnrin tó fi í sí i ń bá mi sọ̀rọ̀, mo rí ẹnu rẹ̀, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ wọlé sí mi létí ni fàà! Mo fò sókè. Rìsíìtì ló fà ya. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe bébà, nínú ariwo yẹn, mo sì ti gbàgbé pé bébà ń dún.

N kì í lò ó nínú igbó. Atẹ́gùn a máa hó nínú rẹ̀ bí omi orí iná, kò sì mọ ìrẹ̀ yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀. Inú agolo mílíìkì ló ń gbé.

Nígbà tí à ń bọ̀ láti oko, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. "Ọ̀kan ń ṣe kúù-kúrúkúù lápá ọ̀tún." Àdàbà ni, mo ní. "Òmíràn ń kígbe bí ẹni ń bínú." Ó tó ìgbà mẹ́ta tó sín in jẹ kí n tó mọ̀ ọ́n; agbe ni. Ó ṣe é títí a fi délé. Kò mọ orúkọ ẹyẹ kankan, ìyẹn ò dára, a ó ṣe é lọ́la.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń kọ èyí. Òjò ti tún ń ṣú. Mo yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú agolo, mo pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ tí kò tóbi ju ẹ̀gúsí lọ, mo fi í sétí. Ìyá àwọn ọmọ mi wà ní yàrá kejì. Mo gbọ́ nǹkan kan, ó fẹ́lẹ́, ó dákẹ́, ó tún wá. Ìwé Bíbélì ni. Irú bébà yẹn kì í sábà ju 40 gíráàmù lọ ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó, ó fẹ́lẹ́ tó ìdajì ti àpò sìmẹ́ǹtì wa.

Mo pè é, mo bi í pé ibo ló kà dé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé mò ń kàwé?"