B/W Kì í Ṣe "Bátìrì Wà" O

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, mi ò tíì lè gbójú sókè nínú grúùpù WhatsApp ẹbí wa.

Alẹ́ Friday ló ti bẹ̀rẹ̀, tí ìdána bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ Big Mummy, ku ọ̀la. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó ti lọ di ṣùkú dé, irun yẹn dúró bí adé, orí mi bá wú, mo ní èmi náà á ya irun bí Ojeikere, fọtógíráfà Nàìjíríà tó máa ń ya irun àwọn obìnrin, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní 1968, dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí nìkan, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ sí kámẹ́rà. Mo wọ inú mẹ́nù, mo yan Monochrome, mo tún bá fílítà níbẹ̀: yẹ́lò, ọ́rẹ́ńjì, pupa, gíríìnì. Pupa ni mo mú, torí ó máa ń jẹ́ kí ara èèyàn mọ́ lóló. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi tipẹ́ pé RAW, ìyẹn fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn, ni kí n máa yà, pé RAW máa ń bá èèyàn tọ́jú àwọ̀ pa mọ́, bó o bá fẹ́ ẹ padà, wàá bá a níbẹ̀. JPEG, ìyẹn fáìlì kékeré tí kámẹ́rà ti parí iṣẹ́ lórí ẹ̀, ní tiẹ̀, tó bá ti yà á ní dúdú àti funfun, omi ti dànù, agbè náà sì ti fọ́. Ṣùgbọ́n RAW kan lè jẹ MB 25, káàdì mi ò ju GB 8 lọ, ahun sì lèmi. Mo fi í sí JPEG.

Irun àbúrò mi jáde, ó dáa gan-an. Mo bá sùn. Mi ò dá nǹkan kan padà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, NEPA ti múná lọ látàná, bátìrì ò kún, mo bá pa fọ́tò tó máa ń yọ lójú síkíríìnì kó má baà jẹ ẹ́ tán, ojú ihò kámẹ́rà nìkan ni mo ń wò, àwọ̀ gbogbo ń tàn níbẹ̀ dáadáa. Àmọ́ lẹ́tà wínníwínní kan wà lórí kámẹ́rà: B/W. Mo rí i. Ojú èmi yìí ló rí i. Ẹ gbà mí o, Black and White, dúdú àti funfun, ló ń jẹ́, èmi kà á sí "Bátìrì Wà". Tókunbọ̀ ni kámẹ́rà yẹn, mo ní bóyá Ọmọ Yorùbá ló kọ́kọ́ lò ó! Gbogbo ìgbà tí àyà mi bá já pé bátìrì ń lọ, màá wo B/W, ọkàn mi á balẹ̀ wọ̀ọ̀. Fọ́tò 412 ni mo fi ìbàlẹ̀ ọkàn yà.

Ilé ìyàwó wọ pupa. Àwa wọ búlúù. Ẹni tó bá mọ fílítà pupa á ti máa káwọ́ lérí: ohun tó pupa á di funfun, búlúù á ṣú dùdù. Mo ṣí kọ̀ǹpútà lálẹ́, ilé ìyàwó funfun báláú bí ìjọ Sẹ̀lẹ́, àwa dúdú kirimú bí olókùú. Ápù tí wọ́n to sínú ẹrù ìyàwó di ẹyin tòlótòló. Bọ̀ọ̀dá mi tó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn àna ẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ń lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí grúùpù, mo kọ "vintage" sí i. Big Mummy pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló kú?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, vintage ni."

"Vintage bàbá ẹ!"

Mo ti ń wá ibi tí màá sá lọ kí Ọlọ́run tó yọ mí. Big Mummy fẹ fọ́tò gbogbo ẹbí lójú, àwa tó kù dúdú bí èédú, ẹnì kan ṣoṣo láàárín wa rí bí eérú. Àǹtí wa kan ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú grúùpù mọ̀ ọ́n. Àṣé àǹtí ò ra aṣọ ẹbí! Wọ́n lọ Gbági, wọ́n ra èyí tó jọ ọ́. Lójú lásán, búlúù kan náà ni, a tiẹ̀ jọ jó. Ṣùgbọ́n pupa díẹ̀ sá pamọ́ sínú búlúù tiwọn, ojú wa ò rí i, fílítà rí i. Fílítà ò mọ àǹtí. Wọ́n ní ọṣẹ ló bà á jẹ́. Aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀ lẹ́ẹ̀kan!

Àtìgbà náà kò sẹ́ni tó béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́, orí aṣọ àǹtí ni gbogbo wọn wà. Ìyá ìyàwó tiẹ̀ ní kí n bá òun fi tòun sí férémù, pé òun ò mọ́ tó báyìí rí.

Àná ni Big Mummy tún pè, ohùn wọn ti rọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìbí àwọn ń bọ̀ o, gíríìnì ni aṣọ ẹbí, fílítà wo ló máa mú àwọn ará Gbági?