Àjàṣẹ́, Ọjọ́ Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Gorí Ìrókò

July 2019 ni mo gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ìnáwó ẹbí ló gbé mi lọ, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹnubodè ṣì wà ní ṣíṣí nígbà náà. August ni ìjọba Nàìjíríà tì í pa. Láti Kraké lọ, ẹ̀gbẹ́ títì kún fún bẹntiróòlù inú ìgò. Kpayo ni wọ́n ń pè é. Tiwa náà ni, ẹ̀yìnkùlé ló kàn gbà wọlé.

Ọjọ́ Jímọ̀, 5 July, Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ pàdé Morocco ní Kairo nínú AFCON, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín nítòsí ọjà Ouando la ti wò ó. Bí ọmọkùnrin kan ṣe gbọ́ Yorùbá Èkó lẹ́nu mi, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú Madagascar o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni Madagascar, tí kò dé AFCON rí, fi 2-0 nà wá ní Alẹkisáńdíríà.

Bẹ̀nẹ̀ náà kò tíì borí nínú ìdíje yìí rí, láti 2004 tí wọ́n ti kọ́kọ́ lọ. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta ṣáá: pẹ̀lú Ghana, Guinea-Bissau àti Cameroon. Morocco ní tiwọn na gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ní ìsọ̀rí tiwọn. Síbẹ̀ Moïse Adilehou ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, kí En-Nesyri tó dá a padà.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, wọ́n fún Morocco ní pẹnáríti. Hakim Ziyech gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni, ẹsẹ̀ òsì ọ̀hún sì wà lára ohun tó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀, Ajax, jìnnà nínú Champions League ilẹ̀ Yúróòpù ọdún yẹn. (Àwa tí a máa ń gbá ọmọ lọ́wọ́ bó bá fi òsì gba nǹkan, a kì í rojọ́ bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni.) Ìyá alákàsà fi ìborùn bo ojú, ó ń bi wá léraléra pé, "Ó ti wọlé? Ó ti wọlé?" Ziyech gbá a. Igi ló bà, gbàì! Àga dojú dé, ata ẹja dà sí mi ní ṣòkòtò, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Àfikún àsìkò kò tíì lọ jìnnà tí Khaled Adénon ti Bẹ̀nẹ̀ fi gba káàdì pupa. Àwọn kan ní oríire lásán ni. N kò gbà. Ẹni mẹ́wàá tó dí ọ̀nà mọ́ Morocco lẹ́nu títí dé pẹnáríti, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Gólì wọn, Saturnin Allagbé, ń jẹ́ Owólabí pẹ̀lú, ẹ ò rí i pé ilé la wà. Pẹnáríti náà parí sí 4-1, Bẹ̀nẹ̀ ló borí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni inagijẹ ẹgbẹ́ náà nígbà náà, nítorí náà bàbá arúgbó kan dìde, ó ké pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá!"

Senegal lé wọn kúrò lẹ́yìn náà pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo. Ní 2022 wọ́n pa orúkọ dà sí Guépards, ẹranko tó bá àmọ̀tẹ́kùn tan. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló lé Morocco lọ sílé.