Láti Àbújá dé Heathrow: kìlómítà, wákàtí àti ọ̀nà Kàbbà

Àwọn ènìyàn wa ní Kàbbà, Ìyàrà àti Ìsánlú a máa bi mí léèrè bí Àbújá ṣe jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó, pàápàá nígbà tí ọmọ bá fẹ́ lọ kàwé. Láti pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe dé Heathrow, bí a bá gba ọ̀nà tó gé kúrú jù lọ, tó nǹkan bíi kìlómítà 4,770. Ṣùgbọ́n òbí tó fẹ́ mọ ìgbà tí ọmọ òun yóò gúnlẹ̀ kò lè fi ìyẹn nìkan ṣírò.

Bàálù tó bá lọ tààrà máa ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Bí ó bá ti gòkè tán, ó lè máa sá tó kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan, àmọ́ ìgbà tó fi ń yí lórí ilẹ̀, tó fi ń gòkè, tó sì fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. Ọ̀nà tó yá jù gba orí orílẹ̀-èdè Niger, aṣálẹ̀ Algeria, Òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé kọjá. Nígbà tí ìjọba ológun Niger ti ojú òfuurufú rẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, tí wọn kò sì ṣí i títí oṣù kẹsàn-án fi wọlé, àwọn bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù ní láti yí gba ibòmíràn, wákàtí wọn sì lé sí i.

Ohun tó máa ń da àwọn òbí láàmú jù ni aago orí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ ìgbà ìgbéra, aago ìlú tó ń lọ ni wọ́n sì fi ń kọ ìgbà ìgúnlẹ̀. Àwa kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlú Ọba a máa tì í síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Láàárín ìgbà náà, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà ọyẹ́, wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá sọ pé bàálù yóò gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí yóò sì gúnlẹ̀ ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ìyá tó bá ṣírò rẹ̀ yóò pè é ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni aago méjì ààbọ̀ ni yóò lù ní Kàbbà kí bàálù náà tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Fún àwa ará Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ìrìn-àjò náà kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Láti Kàbbà, a ó gba Ọbàjànà dé Lọ́kọ́jà, kí a tó wá dojú kọ Koton Karfe, Abaji àti Gwagwalada. Ó lé ní kìlómítà 200, bí tírélà sìmẹ́ńtì kan bá sì dábùú ọ̀nà, odindi àárọ̀ lè bá a lọ. Níwọ̀n bí ó ti yẹ kí arìnrìn-àjò dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra, mo máa ń rọ àwọn ẹbí pé kí ọmọ náà sùn sí Gwagwalada mọ́jú, torí ibẹ̀ kò jìnnà sí pápákọ̀. Fún bàálù àárọ̀, n kò rí ọgbọ́n mìíràn tí a lè dá.

Ní Heathrow pẹ̀lú, àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà àti ẹrù gbígbà lè gbà ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí bàálù bá ti dúró. Ẹ ka ìyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó máa retí ìpè ọmọ yín.