Omi tó ń pẹ́ kó tó dé gíláàsì

Kétu, ilẹ̀ Benin, Ọjọ́bọ̀.

Ọyẹ́ ti wọlé tán báyìí. Bí mo nu gíláàsì iwájú ọkọ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, eruku pupa á ti tún bò ó. Ẹni tó bá ń ti Kétu lọ sí Ìlárá láàárọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Ojú oòrùn gan-an lèèyàn ń dojú kọ lọ. Ìtànṣán rẹ̀ á bọ́ sórí eruku yẹn, gbogbo gíláàsì á funfun báláú, èèyàn ò ní rí zémìjàn, ọ̀kadà akérò, tó ń bọ̀, kò ní rí ewúrẹ́ tó fẹ́ sọdá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkọ̀ mi ní ohun tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì yìí. Bí mo bá fa ọwọ́ wáípà mọ́ra, pọ́ǹpù á máa kùn nísàlẹ̀, wáípà á ti lọ á ti bọ̀ lórí eruku gbígbẹ, á máa dún kẹrẹ kẹrẹ, ẹ̀yìn ìgbà náà ni omi á tó yọjú. Bó bá sì yọ tán, ti apá ọ̀tún á dà sórí kápò, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnì, ti apá òsì á fò kọjá òrùlé lọ bá ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn. Àwọn ìbejì ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iyanrìn wà nínú eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá. Bí wáípà bá ń wọ́ ọ láìsí omi, àpá tó bá fi sára gíláàsì kò ní parẹ́ mọ́. Ọ̀kan wà lára tèmi, ó tẹ̀ kọrọdọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, iná ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lálẹ́ ló máa ń fi í hàn mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lónìí. Àbúrò mi ti bá mi ra gicleur méjì, ìyẹn ẹnu kékeré tí omi ń gbà jáde sórí gíláàsì, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tà. Àwọn tó wà lórí kápò mi tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú tó ń ta omi bí okùn tín-ín-rín. Bọ́ọ̀lù kóńkó kan wà lẹ́nu rẹ̀, ihò wà láàárín bọ́ọ̀lù ọ̀hún, ibi tí èèyàn bá fi abẹ́rẹ́ yí i sí ni omi ń gbà. Irú ti tuntun yìí yàtọ̀. Yàrá kékeré kan ni wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀. Bí omi bá fi agbára wọ ibẹ̀, á máa gbá ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kíákíá, débi pé nígbà tó bá máa fi jáde, á ti fẹ̀ dáadáa, á sì ti fọ́nká wẹ́wẹ́. Kò sí irin tó ń yí nínú rẹ̀ rárá, omi ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo gbé e sójú oòrùn, mo yọjú sí ihò rẹ̀ títí, n kò rí ju ẹnu ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ.

Wáyà méjì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì yí i wò, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Ìbejì, iná ni wọ́n ń fi èyí gbà o. Òyìnbó ń mú un gbóná kí omi má bàa di yìnyín sẹ́nu rẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa wá ṣe sí i?”

“Màá gé e ni. Ní Kétu ńbí, oòrùn á bá yín mú un gbóná lọ́fẹ̀ẹ́.”

Ó gé wáyà náà, ó fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí kápò, ó fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé omi bọ̀ láti inú agolo. Nǹkan funfun ti dì mọ́ ẹnu rẹ̀ yíká. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí omi kànga wa náà ló máa ń fi irú ẹfun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó rẹ rọ́bà náà sínú fínígà, a sì lọ wá nǹkan jẹ.

Nígbà tí a padà dé ló wá béèrè ohun tí n kò rò rí: ṣé omi máa ń pẹ́ kó tó jáde? Mo ní ó ń pẹ́ gan-an. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyẹn kò kan gicleur. Bí mo bá ti jáwọ́, omi tó wà nínú rọ́bà ń ṣàn padà sínú agolo nísàlẹ̀, atẹ́gùn á gba àyè rẹ̀. Bí mo bá tún fà á, pọ́ǹpù ní láti kọ́kọ́ lé atẹ́gùn yẹn jáde ní gbogbo gígùn rọ́bà kí omi tó dé òkè. Wáípà ní tiẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó wá mú fááfù ike kan jáde látinú agolo ìṣó rẹ̀. Kò ju ọmọ ìka lọ, ọfà wà lára rẹ̀. Ó fẹnu fẹ́ ẹ láti ìdí, atẹ́gùn kọjá fẹ́ẹ́. Ó yí i padà, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ náà fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi wú, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sí nǹkan tó kọjá. A gé rọ́bà nítòsí gicleur, a ki fááfù sáàárín, a kọjú ọfà rẹ̀ sí ọ̀nà tí omi ń lọ, kí omi má bàa lè ṣàn padà mọ́. Owó rẹ̀ kò tó owó ìrẹsì àti ẹ̀wà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Bí mo bá mọ irú nǹkan báyìí, bóyá n kò ní rán ẹnikẹ́ni ní gicleur láti Àjàṣẹ́ rárá.

Ìtọ́jú ibi tí omi ń bọ́ sí ló gba àkókò jù. Gicleur tuntun kò ní bọ́ọ̀lù tí èèyàn lè fi abẹ́rẹ́ yí. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, Ọ̀gá fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà sára gíláàsì níbi tí ojú mi dé, mo fa omi. Ó tàn kálẹ̀ dáadáa lókè ìlà, ó lẹ́wà. A gba ọ̀nà Pobè lọ dán an wò. Nígbà tí a dé kìlómítà 80 ní wákàtí kan, mo tún fà á. Ìdí wáípà ló kù tó ń rin! Omi tó fọ́nká kò lágbára, atẹ́gùn tó ń bọ̀ níwájú ti gbá a mọ́ gíláàsì kó tó gòkè.

Ọ̀gá ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ti mú rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ kan tó ti bẹ́ dání. Ó gé pélébé lára rẹ̀, ó yọ gicleur, ó tẹ́ rọ́bà náà sábẹ́ etí rẹ̀ tó kọjú sí gíláàsì, ó tún tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹnu rẹ̀ wá gbé sókè díẹ̀. Nísinsìnyí, bí ọkọ̀ bá dúró, omi rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan òrùlé. Bó bá ń sáré, ibi tí ojú mi wà gan-an ló ń bọ́ sí. Lójú ọ̀nà ni mo ti nílò rẹ̀, kì í ṣe nínú àgbàlá.

N kò ní sọ pé irú tuntun yìí ló dára jù fún gbogbo èèyàn. Fún eruku ọyẹ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn: ó ń rin ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi díẹ̀ ló sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí ẹrẹ̀ bá ta sí gíláàsì, tí kòkòrò bá gbẹ mọ́ ọn, omi tó ń ta bí okùn ló ní agbára tó lè ṣí i. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tó bá ń wọ oko lójoojúmọ́, kó fi tiẹ̀ sílẹ̀, kó wá fááfù lọ.

Ọmọ iṣẹ́ ti gba àwọn ti àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ wọn. Èmi náà ti sọ fún àwọn ìbejì pé wọn kò gbọdọ̀ bu omi kànga sínú agolo ọkọ̀ mọ́. Omi òjò tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé ni kí wọ́n máa lò, kí wọ́n fi gèlè àtijọ́ sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i. Kẹ́yìndé ti ń béèrè bóyá òun lè fa ọwọ́ wáípà wò. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ sẹ́ omi.