Awakọ̀ Tó Ń Kó Ẹrù Délé Ni Mí, Ọkàn Mi sì Balẹ̀

Bí mo bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí níhìn-ín ní Houston, tí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé bá bi mí ní irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń sọ ọ́ láìfigbá kan bọ̀kan nínú pé awakọ̀ UPS, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kó ẹrù délé fún àwọn ènìyàn, ni mí. Ojú àánú ni wọ́n sábà máa ń fi wò mí. Ẹni tó gboyè ní yunifásítì nílé, tó wá ń gbé páálí kiri ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn lókè òkun, lójú wọn, olúwarẹ̀ kò tíì ríṣẹ́. Wọn a ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?” tàbí kí wọ́n ní kí n wá bá àwọn kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, fún wọn àti fún ẹni yòówù tó ń ronú lórí iṣẹ́ tí yóò jókòó tì ní Amẹ́ríkà, pé èmi ni mo yan iṣẹ́ yìí, pé ó tẹ́ mi lọ́rùn, àti pé kì í ṣe iye owó tó ń wọlé nìkan ló jẹ́ kí ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìwé àdéhùn kan wà láàárín ilé iṣẹ́ wa àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters, òun ni mo sì fi ìdí ilé mi lé. Ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni èsì ìbò tí a fi fọwọ́ sí èyí tí a ń lò lọ́wọ́ jáde, tí ìdá 86.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní àwọ́n gbà á. Yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2028. Nǹkan bí 340,000 òṣìṣẹ́ ló kàn. Owó wákàtí kan fi dọ́là 2.75 lé sí i ní ọdún 2023, àpapọ̀ àfikún náà yóò sì ti di dọ́là 7.50 kí ọdún márùn-ún tó pé. Àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kíkún, irú àwọn tó ń to ẹrù sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò gbọdọ̀ gba ohun tó dín ní dọ́là 21 fún wákàtí kan. Awakọ̀ tuntun máa ń fi ọdún mẹ́rin gun àtẹ owó dé òkè, owó ẹni tó bá sì wà lókè náà yóò tó dọ́là 49 fún wákàtí kan ní ìpíndọ́gba nígbà tí àdéhùn bá fi máa parí.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé ni pé èmi àti ìyàwó mi lè jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí a mọ iye tí wákàtí iṣẹ́ mi yóò tó lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí pé ọ̀gá fẹ́ràn mi tàbí kò fẹ́ràn mi. Owó ilé tí a ń san díẹ̀díẹ̀, àjọ tí a ń dá, owó ilé ìwé àbúrò mi ní Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ ni a ti mọ ibi tí yóò ti wá.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé bí ó bá fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì àti gratuity rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lọ fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti darúgbó ń tò lórí ìlà nínú oòrùn, tí wọ́n á tún ní kí wọ́n padà wá. Ohun tí mo rí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá mi ní ìwé lọ́wọ́. Ohun tí kò rí ni ẹni tí yóò bá a dúró ti ìwé náà títí tí yóò fi ṣẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, n kò kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀. Ohun tí mo béèrè ni ta ni yóò gbà á fún mi bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò san án.

Ìdáhùn tí mo rí ni ìtàn àpò owó ìfẹ̀yìntì kan tí wọ́n ń pè ní Central States, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ akérù jọ ń dá owó sí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Teamsters. Ní ọdún 2007, UPS san dọ́là bílíọ̀nù 6.1 láti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń dáwó síbẹ̀ ti kógbá sílé, àwọn tó ń gbowó wá pọ̀ ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ, títí tó fi hàn pé àpò náà yóò gbẹ pátápátá láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn arúgbó tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Washington, wọ́n ń jókòó ti àwọn aṣòfin, wọ́n ń bá wọn fà á. Ìjà náà ló bí òfin kan lọ́dún 2021, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé nǹkan bí dọ́là bílíọ̀nù 36 kalẹ̀ fún àpò yẹn. Ó lé ní 350,000 òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tí wọn ì bá gé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó wọn, tí a kò gé kọ́bọ̀ fún. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún bàbá mi lórí fóònù. Kì í sọ ohun púpọ̀, ó kàn máa ń ní kí n tún un sọ.

Ní ti ìlera, kò sí owó inṣọ́ránsì tí wọ́n ń yọ nínú owó ọ̀sẹ̀ mi, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin wa, ìwé tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ kọ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ sí òkè, ó sì kọ iye tí ó kàn wá sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó mi fi ìka tọ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọlọ́run nínú pálọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Amẹ́ríkà mọ ìdí rẹ̀.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa dọ́là 170,000. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Carol Tomé, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ wa, sọ pé iye tí yóò máa lọ lórí awakọ̀ ọjọ́ kíkún kọ̀ọ̀kan lọ́dún yóò tó bẹ́ẹ̀ ní ìpíndọ́gba bí àdéhùn bá fi máa parí. Ìròyìn náà dé Nàìjíríà kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹbí fi náírà ṣírò rẹ̀, ìpè sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará ilé, owó inṣọ́ránsì àti owó ìfẹ̀yìntì wà nínú iye yẹn, a kì í fọwọ́ kàn wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bákan náà, ófátáìmù wà nínú ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbà, torí pé ohun tó bá kọjá wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe fi owó ófátáìmù ra ilé tàbí ọkọ̀ ńlá. Kí ilé dúró lórí ogójì wákàtí, kí àlékún lọ sí ibi ìpamọ́, nítorí pé orúnkún ènìyàn ló ń san owó ófátáìmù.

Iṣẹ́ náà le, n kò ní fi dídùn bo ìyẹn. Ẹrù lè wúwo tó kílò 68. Láti ìgbà Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá, títí di Kérésìmesì, òkùnkùn ni mo ń bá jáde nílé, òkùnkùn náà ni mo ń bá wọlé. Síbẹ̀, inú mi ń dùn sí i. Ní òwúrọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí n wo àwọn pẹpẹ tí nọ́ńbà wà lára wọn láti 1000 dé 8000, níbi tí ẹrù ti yẹ kí ó tò tẹ̀ léra bí ilé ṣe tẹ̀ léra. Bí ẹni tó to ọkọ̀ bá mọṣẹ́, n ó kàn na ọwọ́ ni, páálí tí mo fẹ́ a wà níbẹ̀. Iṣẹ́ títo ọkọ̀ yẹn ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá tò ó dáadáa. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di irin ẹnu ọ̀nà mú, ojú gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Ẹni tó bá ń fò sọ̀ kalẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ìyá àgbà kan wà ní òpin àdúgbò tí mò ń ṣiṣẹ́ sí, tí oògùn rẹ̀ máa ń wá nínú páálí funfun tí wọ́n fi yìnyín sí. Mo mọ̀ pé kò lè tètè dé ẹnu ọ̀nà, oògùn náà kò sì gbọdọ̀ jókòó sínú oòrùn Texas. N ó tẹ aago, n ó dúró títí tí n ó fi máa gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lórí pákó. Àdúgbò yẹn, ipò àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ló fún mi. Bí ojú iṣẹ́ kan bá ṣí sílẹ̀, orúkọ ẹni tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó fẹ́ ẹ ni wọn yóò kọ sí i, kò sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí ọmọ ìyá ọ̀gá. Fún ọmọ Nàìjíríà, nǹkan ńlá ni.

Gbogbo èyí ni àwọn kan jà fún kí a tó dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1997, 185,000 òṣìṣẹ́ UPS yan iṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 15, nítorí pé ilé iṣẹ́ ń fi iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ rọ́pò iṣẹ́ ọjọ́ kíkún. Wọ́n padà pẹ̀lú ìlérí 10,000 iṣẹ́ ọjọ́ kíkún tuntun. Ní ọdún 2018, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò kọ àdéhùn tó dá ìsọ̀rí awakọ̀ kan sílẹ̀ tí owó wọn kéré sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ kí àwọn olórí fọwọ́ sí i síbẹ̀, nítorí pé àwọn tó jáde dìbò kò tó ìdajì. Ìyẹn dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gan-an. Wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 2021, wọ́n yan Sean O'Brien ṣe ààrẹ ẹgbẹ́, àdéhùn 2023 sì mú àwọn awakọ̀ tí owó wọn kéré yẹn dọ́gba pẹ̀lú wa. Ẹ̀rọ amúlétutù náà wá nínú àdéhùn yẹn: ọkọ̀ tí wọ́n bá rà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 gbọ́dọ̀ ní in. Ẹni tó bá ti wọ ẹ̀yìn irú ọkọ̀ wa ní oṣù kẹjọ ní Houston, níbi tí irin yí ẹni ká, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ mi kò sọ mí di ẹni tí kò rí ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ kéde pé àwọn yóò dín ẹrù Amazon tí a ń kó kù ju ìdajì lọ kí ọdún 2026 tó dé àárín, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, wọ́n ní nǹkan bí 20,000 iṣẹ́ yóò lọ lọ́dún náà. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jókòó sílé. Bí ipò àgbà ṣe ń dáàbò bo èmi ni ó ṣe ń fi ọmọdé síta, mo sì mọ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé báyìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ títo ọkọ̀ kí ó tó kan kẹ̀kẹ́ ìdarí. Texas kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. O lè jẹ àǹfààní àdéhùn náà láìsan kọ́bọ̀. Èmi ń san tèmi, owó wákàtí méjì àbọ̀ lóṣooṣù, mo sì máa ń bẹ àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wọlé pé kí wọ́n san tiwọn, nítorí pé ní ọdún 2028 a ó tún jókòó sí tábìlì kan náà, iye ẹni tó wà lẹ́yìn wa ni wọn yóò sì kọ́kọ́ kà. Bí ó bá di ìyanṣẹ́lódì, owó ilé àti oúnjẹ oṣù mélòó kan ti wà nípamọ́. Ìyàwó mi ló ń tọ́jú rẹ̀.